Mo fẹ́ dín wéètì kù, owó ò sí lọ́wọ́, ẹ bá mi dá sí i

Ìbẹ̀rẹ̀Ọ̀tun
Ẹ kú àsìkò yìí o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú tọ́rọ̀ mi bá gùn. Mo ti sanra ju bó ṣe yẹ lọ, dókítà sì sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀, pé kí n wá nǹkan ṣe sí wéètì mi kó tó di pé mò ń gbé oògùn mì lójoojúmọ́. Mo gbọ́, mo sì gbà. Àmọ́ gbogbo ibi tí mo bá yà sí lórí fóònù, owó ni wọ́n ń pè, tíì rèé, páúdà rèé, ètò oúnjẹ kan tún wà tó jẹ́ pé èlò inú ẹ̀ nìkan ju owó oúnjẹ tí mo ní lọ. Jíìmù ò tiẹ̀ ṣeé dá lábàá. Mo láwọn ọmọ nílé, ìkòkò kan náà ni gbogbo wa ń jẹ, mi ò lè máa se tèmi lọ́tọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é láìnáwó tí sísanra náà ò sì padà wá, báwo lẹ ṣe ṣe é? Mi ò wá èyí tó máa yá o, èyí tí mo lè máa bá lọ ni mò ń wá.

ÌyáÌbejì
Ẹ káàbọ̀ o. Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan tẹ́ ẹ lè yọ kúrò nínú ohun tẹ́ ẹ ti ń rà tẹ́lẹ̀, torí ìyẹn ò gbowó, ṣe ló ń dá owó padà. Mínírà ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Agolo kan tó jẹ́ mílílítà 330, ṣúgà inú ẹ̀ á tó gíráàmù 35, kàlórì ẹ̀ (ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara) á tó 140, kò sì ní yó yín, ebi tẹ́ ẹ bá lọ mu ún ṣì wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ láti 2015 pé kí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo kàlórì tí èèyàn ń jẹ lójúmọ́, tó bá sì lè wálẹ̀ dé ìdajì ìyẹn á tún dáa sí i. Fún ẹni tó ń jẹ kàlórì 2000, gíráàmù 50 nìyẹn, ìdajì ẹ̀ sì jẹ́ 25. Ẹ wá wò ó, agolo kan ṣoṣo ti fo 25 kọjá. Júùsì inú páálí náà, ẹ má jẹ́ kí àwòrán èso tó wà lára ẹ̀ tàn yín, ṣúgà inú ẹ̀ wà lára èyí tí àjọ yẹn ń kà. Omi ni kẹ́ ẹ máa mu jàre, tàbí tíì gidi láìbu ṣúgà sí i.

Òróró ló tẹ̀ lé e. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lo òróró, mo ní kẹ́ ẹ má da á láti inú ìgò. Síbí ńlá kan, nǹkan bíi kàlórì 120 ni. Ẹni tó ń da á láti inú ìgò ò lè mọ̀ bóyá síbí mẹ́ta ló dà sínú ọbẹ̀ tàbí mẹ́fà, ojú ò mọ òróró wọ̀n. Ẹ fi síbí wọ̀n ọ́n sínú ìkòkò, kẹ́ ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu á fi mọ́ ọn, àwọn ọmọ ò tiẹ̀ ní mọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgò yẹn máa pẹ́ lọ́wọ́ yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bọ̀dáOníṣirò
Mo wà lẹ́yìn ÌyáÌbejì gbágbáágbá. Ẹ jẹ́ n fi ìṣirò kún un kẹ́ ẹ lè rí ìdí tó fi jẹ́ pé òróró la máa ń tètè dojú kọ. Gíráàmù kan ọ̀rá, kàlórì 9. Gíráàmù kan purotéènì, 4. Gíráàmù kan ṣúgà tàbí ìyẹ̀fun, 4 náà ni. Álíkọ́ọ̀lù inú ọtí wá jẹ́ 7, àwọn tó ń mutí kì í sì í kà á mọ́ oúnjẹ rárá, wọ́n á ní láti àárọ̀ àwọn ò tíì jẹ nǹkankan.

Ọ̀rá ara tó tó kílò kan, wọ́n máa ń ṣírò ẹ̀ sí nǹkan bíi kàlórì 7700. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un jáde pé tẹ́ ẹ bá dín 500 kù lójúmọ́, wéètì yín á máa lọ sílẹ̀ ní bí ìdajì kílò lọ́sẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó lè fẹ́ rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò ní máa rí bẹ́ẹ̀ lọ, torí ara tó ti fúyẹ́ kì í ná kàlórì tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó sì tún máa ń ṣọ́ èyí tó kù ná. Torí náà tó bá di lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí nǹkan wá ń fà, kò túmọ̀ sí pé ẹ ti ń ṣe é bí ò ṣe yẹ o, bó ṣe ń rí fún gbogbo èèyàn nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tún ní ẹ̀tàn tiẹ̀. Èèyàn lè fi kílò méjì fúyẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn kó máa jó, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ṣúgà tí ara tọ́jú pa mọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù ẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé omi tó tó gíráàmù mẹ́ta dání, tí ṣúgà yẹn bá ti ń tán, omi ẹ̀ náà á bá a lọ. Òun làwọn tó ń ta tíì yẹn fi ń ṣe àwòrán "ṣáájú àti lẹ́yìn".

Ìlànà tèmi ò pọ̀: oúnjẹ tí mi ò lè rà lọ́sẹ̀ tówó tán pátápátá, kò sí lára ètò mi. Mi ò bìkítà bó ṣe dáa tó.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́
Lórí ọ̀rọ̀ tíì yẹn, ẹ dákun ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló jẹ́ pé ewé kan tó ń mú èèyàn yàgbẹ́, senna, ló wà nínú ẹ̀. Ìfun kékeré lara ti ń gba kàlórì, ìfun ńlá sì ni oògùn ìyàgbẹ́ yẹn ń lọ dà láàmú, nígbà tó máa fi dé ibẹ̀ oúnjẹ ti wọ ara tipẹ́tipẹ́. Omi àti iyọ̀ ara lẹ̀ ń yà dànù. Ẹni tó bá sọ ọ́ di àṣà, potassium, ọ̀kan lára iyọ̀ ara yẹn, lè lọ sílẹ̀ lára ẹ̀, ọkàn ò sì lè lù dáadáa tí ìyẹn ò bá pé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àtọ̀gbẹ, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń gún insulin tàbí tẹ́ ẹ ń lo àwọn oníhóró bíi glibenclamide àti glimepiride, ẹ má kàn jí lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ gé oúnjẹ yín sí méjì láìsọ fún dókítà, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín lè já wálẹ̀ lójijì. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà, bí wéètì bá ṣe ń lọ sílẹ̀ wọ́n lè ní láti tún ìwọ̀n oògùn ẹ̀ wò. Aláboyún, ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọdé, àti ẹni tó ti ní àìsàn fífi ebi pa ara ẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ tiyín kì í ṣe ti ibí yìí, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ. Tí wéètì bá sì ń já fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ṣe ohunkóhun, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ má tíì dúpẹ́.

OP (ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀), dókítà yín ò retí pé kẹ́ ẹ di lẹ́pá o. Tí ìdá 5 nínú 100 wéètì yín bá lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó jẹ́ kílò 90, kílò mẹ́rin àbọ̀ nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì sáré. Wéètì tó bá ń já ju kílò kan àbọ̀ lọ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ lè mú kí òkúta dì sínú àpò òróòro, iṣẹ́ abẹ lèyí tó bá le nínú ẹ̀ máa ń já sí.

ẸranNìkan
Gbogbo ìwọ̀nyí ti pọ̀ jù. Ẹ fi ìrẹsì, búrẹ́dì àti pọ̀tétò sílẹ̀ pátápátá, ẹ máa jẹ ẹran àti ẹyin nìkan, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ẹ máa rí iṣẹ́ ìyanu.

ÌyáÌbejì
Ta ló máa ra ẹran ọ̀hún 😂 ẹ ò ka ohun tó kọ sókè ni?

Bọ̀dáOníṣirò
@ẸranNìkan mi ò bá yín jà, tó bá ti bá yín lára mu tówó ẹ̀ sì wà, ẹ máa ṣe é. Àmọ́ ẹ má sọ pé òun nìkan ṣoṣo ni. Ní 2018 àwọn tó wà ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Christopher Gardner àtàwọn èèyàn ẹ̀, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi àgbàlagbà 609 ṣe, wọ́n ní káwọn kan dín ọ̀rá kù, káwọn yòókù dín ìyẹ̀fun àti ṣúgà kù, gbogbo wọn sì ń jẹ ẹ̀fọ́ àti oúnjẹ tí ò ti ilé iṣẹ́ wá. Lẹ́yìn ọdún kan, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀ láàárín apá méjèèjì. Láàárín apá kan náà gan-an lẹ ti máa rí ẹni tí wéètì ẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an àti ẹni tí tiẹ̀ tún lé sí i.

Pọ̀tétò tẹ́ ẹ ń bú yẹn ńkọ́? Lọ́dún 1995, Susanna Holt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Sydney fún àwọn èèyàn ní oúnjẹ oríṣi 38, kàlórì kan náà ni gbogbo ẹ̀, wọ́n wá ń bi wọ́n bó ṣe yó wọn sí. Wọ́n fi búrẹ́dì funfun sí 100. Pọ̀tétò sísè gba 323, òun ló lé téńté, ó ju ẹran lọ, ó ju ẹyin lọ. Sísè ni mo wí o. Tẹ́ ẹ bá ti jù ú sínú òróró gbígbóná, oúnjẹ míì nìyẹn.

Olóúnjẹ_Ilé
Ẹ jẹ́ n bá a lọ síbi tó kàn mí. Ẹ̀wà gbígbẹ. Mi ò mọ ohun tó tún kéré lówó tó sì ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ife kan ẹ̀wà sísè, purotéènì inú ẹ̀ á tó gíráàmù 15, fáíbà ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ náà, àwọn méjèèjì yìí ló ń jẹ́ kí ebi pẹ́ kó tó dé. Lẹ́ńtì náà wà, irú ẹ̀wà kéékèèké kan ni, òun máa ń yára jinná, kò tiẹ̀ nílò rírẹ. Ẹyin kan, purotéènì gíráàmù mẹ́fà, kàlórì tó lé díẹ̀ ní 70. Ẹja inú agolo, ẹ ra èyí tó wà nínú omi tàbí tòmátì, tó bá jẹ́ inú òróró ni wọ́n kó o sí ẹ ro òróró ẹ̀ dànù. Ẹ̀fọ́ inú fríìsà náà dáa bíi tútù, ìgbà míì ó tiẹ̀ sàn ju èyí tó ti sùn lórí àtẹ lọ, torí wọ́n ti fi yìnyín dì í kété tí wọ́n ká a, kò sì ní bà jẹ́ lọ́wọ́ yín. Kábéèjì àti káróòtì, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, wọ́n lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìṣe nǹkankan.

Ẹni tó ń bẹ̀rù pé ẹ̀wà á kún òun nínú, ẹ fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, síbí mélòó kan lójúmọ́, ikùn á mọ́ ọn lára tó bá yá. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú kẹ́ ẹ da omi ẹ̀ nù.

Ìbẹ̀rẹ̀Ọ̀tun
Ẹ ṣé gan-an ni, mò ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀wà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe nítorí inú kíkún o, gáàsì ni. Ó máa ń pẹ́ lórí iná.

Olóúnjẹ_Ilé
Rírẹ mọ́jú yẹn ń gé àkókò ẹ̀ kù dáadáa. Ẹ dé ìkòkò. Tó bá ti hó dáadáa, ẹ pa iná kẹ́ ẹ fi aṣọ tó nípọn wé ìkòkò yẹn, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, ó ń jinná lọ nínú ooru ara ẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ tún iná dá díẹ̀ kẹ́ ẹ fi parí ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì se púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí fíríìjì bá wà ẹ pín in sínú ike, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa dá, nínú fríìsà ó máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ò bá sí fíríìjì, kí ó jẹ́ èyí tẹ́ ẹ máa jẹ tán lọ́jọ́ yẹn.

Kíní kan ṣá: ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín, tútù ẹ̀ ní májèlé nínú. Ẹ rẹ ẹ́ ó kéré tán wákàtí márùn-ún, ẹ da omi ẹ̀ nù, kó hó kùṣọ̀kùṣọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sókè, 30 lẹlòmíì ń wí, èmi sì fara mọ́ 30. Èyí ò gbọdọ̀ jẹ́ ti inú aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn, iná tó rọra ń rú lábẹ́ ẹ̀ ò tó pa májèlé yẹn. Ẹ sè é tán pátápátá lórí iná.

ÀǹtíLáwo
Ohun tí OP sọ nípa ìkòkò kan náà yẹn ló kàn mí jù, torí bẹ́ẹ̀ náà nilé wa rí. Ẹ má se lọ́tọ̀. Ọbẹ̀ kan, ìrẹsì kan, bíbù ẹ̀ la máa fi yàtọ̀. Tèmi, ẹ̀fọ́ ló máa gba ìdajì àwo, mo máa kọ́kọ́ bu òun, lẹ́yìn náà ẹ̀wà tàbí ẹyin, ìrẹsì á wá gba ibi tó kù. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ bu ìrẹsì, ẹ̀fọ́ ò ní ráyè mọ́. Lẹ́yìn tí gbogbo ilé bá ti gba tiwọn, mo máa ń dé ìkòkò, màá gbé e kúrò níwájú wa kí n tó jókòó, torí ìkòkò tó bá wà lórí tábìlì, ọwọ́ á ṣáà máa lọ síbẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun wọn yó, wọ́n ṣì ń dàgbà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ wéètì yín sí wọn létí.

Ẹ̀yin ìyá, àjẹkù ọmọ ńkọ́? A ò fẹ́ kó ṣòfò, a máa ń fi ẹnu nù ún mọ́ inú àwo, a kì í sì í kà á. Ẹ bu díẹ̀ fọ́mọ, tí ò bá yó kó tún wá gbà.

Arìnrìn_Ẹsẹ̀
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa ìrìn títí di ìsinsìnyí, ó yà mí lẹ́nu. Jíìmù yẹn ẹ gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ẹ̀ fún yín: ẹni tó wúwo kílò 70 tó bá rin kìlómítà kan, nǹkan bíi kàlórì 50 ló máa ná, agolo mínírà kan ti gba ìrìn kìlómítà mẹ́ta lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ẹ má fi ìrìn ra oúnjẹ. Ibi tí ìrìn ti wúlò jù ni kí wéètì tó ti lọ má padà. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ti já wéètì tó tó kílò 13 àbọ̀ tí wọn ò sì jẹ́ kó padà fún ọdún kan ó kéré tán, láti 1994 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń lo ara wọn déédéé, ìrìn lásán sì lèyí tí wọ́n ń ṣe jù.

Kẹ́ ẹ sì má jẹ́ kí ìṣísẹ̀ 10,000 dẹ́rù bà yín. Ilé iṣẹ́ kan ní Japan ló ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka ìṣísẹ̀ ní 1965, orúkọ tí wọ́n fún ẹ̀rọ yẹn ni nọ́ńbà yẹn ti wá, kì í ṣe dókítà ló fi lélẹ̀. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ìrìn tó ń jẹ́ kí mímí yín le díẹ̀ àmọ́ tẹ́ ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀. Ẹ lè gé e sí wẹ́wẹ́. Kẹ́ ẹ tún wá nǹkan fún iṣan yín ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ máa jókòó sórí àga kẹ́ ẹ dìde láìfọwọ́ ti nǹkankan, kẹ́ ẹ fọwọ́ ti ògiri kẹ́ ẹ máa ti ara yín padà, torí ẹni tó bá dín oúnjẹ kù láìlo iṣan, iṣan náà á bá ọ̀rá lọ.

AwakọÒru
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ òru bíi tèmi, oorun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ọjọ́ tí mi ò bá sùn dáadáa, ebi ọjọ́ yẹn kì í ṣe ebi ẹ̀fọ́, nǹkan dídùn àti nǹkan díndín ló máa ń wá. Mo máa ń gbé oúnjẹ temi dání láti ilé, torí ohun tó bá ṣì wà ní títà lóru, ẹ̀yin náà mọ irú ẹ̀.

ẸranNìkan
Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ń dín owó kù, ẹ ò lè jiyàn ìyẹn.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́
Ó lè bá ẹlòmíì lára mu lóòótọ́, mi ò ní sọ pé rárá. Àmọ́ ẹni tó bá fi ebi pa ara ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, orí ẹ̀ ni ebi máa ń bá jà. Nígbà ogun àgbáyé kejì, 1944 sí 1945, Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota mú àwọn ọkùnrin 36 tó fúnra wọn yọ̀ǹda ara wọn, ó gé oúnjẹ wọn sí bí ìdajì fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Oúnjẹ ni wọ́n ń rò tọ̀sántòru, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé oúnjẹ sísè bí ẹni ka ìwé ìtàn, nígbà tí wọ́n sì dá oúnjẹ padà fún wọn, àwọn kan jẹ jẹ jẹ, wọn ò yó. OP ní iṣẹ́, ó láwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kó máa jẹun lásìkò.

Ìbẹ̀rẹ̀Ọ̀tun
Ọlọ́run á san yín lóore. Ìbéèrè méjì ló kù. Mi ò ní síkéèlì nílé, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Ìkejì, tówó bá tán pátápátá ńkọ́, tó jẹ́ ìrẹsì àti òróró nìkan ló kù nílé?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́
Ẹ wá okùn. Ẹ fi wọn gíga yín láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ gé e, ẹ ká a sí méjì. Ó yẹ kí okùn tẹ́ ẹ ká yẹn lè yí ìdodo yín po. Tí ò bá ká a, ẹ sàmì sí ibi tó dé, kẹ́ ẹ tún wò ó lẹ́yìn oṣù kan. Tẹ́ ẹ bá wá rí síkéèlì níbì kan, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa gùn ún, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣe gáà, kẹ́ ẹ sì má tìtorí kílò kan tó lọ tó bọ̀ bínú, iyọ̀ tẹ́ ẹ jẹ lánàá nìkan ti tó fa ìyẹn, fáwọn obìnrin nǹkan oṣù náà wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ máa lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn náà ṣá.

Olóúnjẹ_Ilé
Ti ìkejì: ọjọ́ tówó bá wọlé, ẹ̀wà gbígbẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà kẹ́ ẹ tó ra ohun míì, ẹ gbé e pa mọ́, kò ní bà jẹ́. Ọ̀sẹ̀ tówó bá tán, ẹ se ìrẹsì kẹ́ ẹ da ẹ̀wà mọ́ ọn, ìdajì ìdajì, òróró síbí kan fún ẹni kan. Tí ẹ̀wà náà bá tán, ẹ jẹ ìrẹsì yẹn níwọ̀n tẹ́ ẹ máa ń bù, lásìkò tẹ́ ẹ máa ń jẹun, ẹ má fi ebi pa ara yín láti fi san án. Lọ́sẹ̀ yẹn ẹ ò wá bí wéètì ṣe máa já, kó má ṣáà lé sí i ni. Tówó bá ti dé, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ bá a dé.